Ọ̀tọ̀ Ni Ká Ní Adìyẹ, Ọ̀tọ̀ Ni Ká Sin Adìyẹ

    

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ta ló ní adìyẹ nínú ilé yín? Ẹ nawọ́ sókè. Mo mọ̀ pé ọwọ́ pọ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n tún bèèrè. Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ nawọ́, ta ló mọ ibi tí adìyẹ rẹ̀ sùn lánàá? Ta ló mọ ohun tó jẹ láàárọ̀ yìí? Ta ló bu omi fún un?

Ọwọ́ ti ń wálẹ̀, àbí? Ohun tí mo bá wá lónìí nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ká ní adìyẹ, ọ̀tọ̀ ni ká sin adìyẹ. Ọ̀pọ̀ wa ló ní adìyẹ. Àwa tá à ń sìn ín ò pọ̀.

Ẹ wo bá a ṣe ń ṣe é. Ilẹ̀ mọ́, a ṣí i sílẹ̀, ó di ọwọ́ orí rẹ̀. Yóò fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ kiri ààtàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ tí àlejò bá dé, ọjọ́ tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbà náà la óò wá máa lé e kiri ilé. Bó bá kú, a óò ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí àwòdì bá gbé ọmọ rẹ̀, a óò bú àwòdì, a óò padà wọlé. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìyẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lé akátá rárá. Adìyẹ nìkan la máa ń bá wí.

Bẹ́ẹ̀, adìyẹ kì í ṣe ẹran yẹpẹrẹ nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ìtàn tá a bá ní Ilé-Ifẹ̀, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan ilẹ̀ sórí omi, tí ibẹ̀ fi fẹ̀. Ẹsẹ̀ tó tan ilé ayé, ó yẹ ká fún un ní ibi tó máa sùn.

Kí ló dé tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kírétì ẹyin mọ̀ bó ṣe ń gbówó lórí. Ìyá tó máa ń ra odidi kírétì tẹ́lẹ̀ ti ń ra mẹ́ta, mẹ́rin, nínú ọ̀rá. Ó ń dùn mí. Kò yẹ kí ẹyin di ohun tí ọmọ kékeré ń fojú wò lásán lórí tábìlì oníbúrẹ́dì. Ìdí kejì sì ni pé àgbébọ̀ dúdú kan wà lórí ẹyin lẹ́yìn ilé mi báyìí. Mọ́kànlá ló sàba lé. Òní ló pé ọjọ́ 18. Látìgbà tó ti jókòó ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan sọ́tọ̀. Ẹyin jíjẹ lẹ ń wá ni, tàbí ọmọ? Bó bá jẹ́ ẹyin jíjẹ, adìyẹ òyìnbó pupa tí wọ́n ń pè ní léyà kò lẹ́gbẹ́. Bó bá jẹun kánú, ó lè yé ẹyin tó sún mọ́ 300 lọ́dún. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n sàba. Àwọn tó ń ṣètò bíbí rẹ̀ láti ìran dé ìran ti yọ ìwà sísàba kúrò lára rẹ̀. Adìyẹ ìbílẹ̀ ní tirẹ̀ yóò yé ẹyin bíi 10 sí 15, yóò wá jókòó lé e, ó di abiyamọ nìyẹn. Àwọn kan sì wà láàárín méjèèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí adìyẹ ìbílẹ̀ wa, wọ́n mú FUNAAB Alpha jáde, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2018. Noiler náà wà, tí wọ́n ń pa ọmọ rẹ̀ ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe irú àwọn adìyẹ wọ̀nyí.

Èmi o, tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìbílẹ̀ ni màá mú. Àgbébọ̀ mẹ́ta, àkùkọ kan. Kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìwà wọn.

Ilé wọn ńkọ́? Kò gba owó ńlá. Pákó àti wáyà á tó o. Kó ga díẹ̀ nílẹ̀ kí omi òjò má wọ ọ́. Kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sé gírígírí, torí ejò, torí ẹtà, torí ológbò aládùúgbò. Ẹ gbé igi sínú rẹ̀ tí wọ́n á máa bà sí lálẹ́. Igi ni mo wí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n wí nípa adìyẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Igi tó dúró ṣinṣin, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ká mọ́, òun ni yóò fi sùn dáadáa.

Omi ńkọ́? Omi ló pọ̀ jù nínú ẹyin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ adìyẹ, ibo ni yóò ti rí ẹyin yé? Wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án gangan lóṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Yóò lanu, yóò máa mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, yóò na apá méjèèjì kúrò lára. Òógùn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bu omi tútù fún un, sábẹ́ ibòji.

Oúnjẹ ńkọ́? Àgbàdo nìkan kò tó. Èérí ògì dáa, ewé ẹ̀fọ́ dáa, ikán dáa púpọ̀ fún àwọn òròmọdìyẹ. Bẹ́ ẹ bá rí ẹyin tí èèpo rẹ̀ ń rọ̀ lọ́wọ́, egungun ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ gún ìkarahun ìgbín kúnná, tàbí èèpo ẹyin tẹ́ ẹ ti sè, ẹ dà á sí oúnjẹ rẹ̀. Kó kúnná o. Bí adìyẹ bá dá èèpo ẹyin mọ̀ nínú oúnjẹ, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sá ẹyin ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí rédíò yín síbí, ẹ káàbọ̀ o. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé la ń sọ. A ní ọ̀tọ̀ ni ká ní adìyẹ, ọ̀tọ̀ ni ká sin adìyẹ. Ó wá kan ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹyin ṣe ń di ọmọ.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí ṣáá. Ṣé ẹyin tí mo rà lọ́jà, bí mo bá gbé e sábẹ́ adìyẹ, ṣé yóò pa? Rárá o. Àwọn adìyẹ tó yé ọ̀pọ̀ ẹyin tó wà lọ́jà kò fojú kan àkùkọ rí. Ẹyin ni, ó ṣara lóore, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Àkùkọ ló ń mú ọmọ wá. Àkùkọ kan tó àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Ẹyin tẹ́ ẹ fẹ́ kó pa, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kẹ́ ẹ tó fi adìyẹ lé e. Ẹ kó o síbi tó tutù, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́. Èyí tó bá sán, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá tóbi jù tàbí tó kéré jù, ẹ sè é jẹ.

Ìyá mi kọ́ mi ní nǹkan kan tí mo ṣì ń ṣe di òní. Ọjọ́ tí àgbébọ̀ bá jókòó, ìyá mi á mú èédú, á fi sàmì sára ẹyin kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àwọn yòókù ń bọ̀ wá yé sí i." Òótọ́ ni. Bí abiyamọ bá dìde lọ jẹun, òmíràn á yọ́ wọlé, á yé tirẹ̀ sáàárín wọn. Bẹ́ ẹ ò bá sàmì, ẹyin ọjọ́ mẹ́ta á wà pẹ̀lú ẹyin ọjọ́ 20. Àwọn àgbà inú wọn á pa, ìyá á kó wọn dìde, àwọn yòókù á di ọ̀bu. Ẹyin tí kò bá ní àmì èédú, ọbẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ keje, ìyá mi á tún gbé àtùpà wá. Á ká ọwọ́ bí ihò, á gbé ẹyin sí i, á wá fi síwájú iná. Ó pè mí kí n wá wò. Mo rí àmì dúdú kékeré kan, pẹ̀lú okùn ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó tàn ká lára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà. Mo di ẹnu mú. Èyí tó bá mọ́ gaara bí omi, kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó báyìí. Kí yàrá ṣókùnkùn ni.

Ẹ fi eérú sábẹ́ koríko ìtẹ́ rẹ̀, nítorí iná adìyẹ. Iná wọ̀nyẹn lè yọ abiyamọ lẹ́nu títí yóò fi kọ ẹyin sílẹ̀. Ẹ tún máa ṣọ́ ìjàlọ. Mo ti rí ibi tí ìjàlọ ti pa adìyẹ sórí ẹyin, torí kò gbà láti dìde. Abiyamọ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò ó.

Ọjọ́ 21 ni. Ní gbogbo ìgbà yìí, àgógó ẹnu rẹ̀ ló fi ń yí ẹyin náà padà, lóru lọ́sàn-án, kí ọmọ má baà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ ni yóò fọwọ́ yí i, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, títí di ọjọ́ 18, kó tó fi í sílẹ̀. Ooru ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ dúró lórí nǹkan bíi 37.5°C. Bẹ́ ẹ bá ní iná tó ń dúró, ẹ̀rọ dáa, mi ò ta kò ó. Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n mú iná lọ. Ara rẹ̀ gbóná bó ṣe yẹ kó gbóná, kò sì ra epo jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ gbé ẹyin sétí. Ẹ óò gbọ́ ohùn. Ọmọ ń ké nínú ẹyin, ìyá ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló máa fi ẹnu sá èèpo. Ó lè sá a láàárọ̀, kó máà jáde títí di ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a bó o. Ó ń sinmi ni. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára awọ inú èèpo kò tíì wọ ara rẹ̀ tán. Bẹ́ ẹ bá fà á jáde, ẹ̀jẹ̀ lè pa á. Bó bá sì jáde tí kò jẹun lọ́jọ́ kìíní, ẹ má bẹ̀rù. Pupa ẹyin tó wọ inú rẹ̀ kó tó jáde ló ń jẹ, ó lè gbé e dé ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kó òròmọdìyẹ ọjọ́ kan sínú páálí láti ìlú kan dé òmíràn nìyẹn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, kí ẹyin pa kọ́ ni iṣẹ́ o. Ìyá wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn tó bá pa tán ni iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀. Mélòó la ti rí, tí adìyẹ kó ọmọ mẹ́wàá jáde, tó fi máa di oṣù kan ó ku méjì? Òjò pa á, òtútù pa á, àwòdì gbé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ sé ìyá àti ọmọ mọ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi tọ̀ wọ́n lọ. Kí omi náà wà nínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí wọ́n má baà rì sí i. Bó bá jẹ́ àtùpà lẹ fi ń fún wọn ní ooru, àwọn fúnra wọn ni yóò sọ fún yín bó ṣe rí. Bí wọ́n bá ṣùjọ, tí wọ́n ń gun ara wọn lórí, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí wọ́n ń lanu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn ká, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń sùn káàkiri, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ara ti tù wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣe mí. Kò rọrùn fún mi láti sọ.

Lọ́dún kan, Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọyẹ́ ti mú gan-an. Mo lọ sọ́jà, mo ra àkùkọ ńlá kan. Ìyẹ́ rẹ̀ ń dán, ogbe orí rẹ̀ pupa fòò. Mo délé, mo tú u sáàárín àwọn tèmi. Mẹ́rìnlá ni adìyẹ tí mo ní nígbà náà. Ní ọjọ́ kẹta, àkùkọ náà kò jẹun mọ́. Ó dúró ní kọ̀rọ̀, ó ká ara jọ, ó dijú. Ó kú. Mo ní bóyá ìrìn-àjò ló rẹ̀ ẹ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tèmi ti ń mí bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Ìgbẹ́ wọn di àwọ̀ ewé. Ọrùn àwọn mìíràn lọ́, wọ́n ń yí po lójú kan. Nínú mẹ́rìnlá, méjì ló ṣẹ́ kù.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kú ní ọmọ mẹ́sàn-án. Mo bá a ní òwúrọ̀, ó ti gan. Àwọn ọmọ náà ṣì ń wọ abẹ́ apá rẹ̀. Mo gbé e kúrò lórí wọn, wọ́n ń sá tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Mi ò gbàgbé rẹ̀. Mo ní adìyẹ nígbà náà. Mi ò tíì máa sìn ín.

Lúkúlúkú ni. Àwọn dókítà ẹran ń pè é ní àrùn Newcastle. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín ìparí ọdún 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Ọdọọdún ló ń padà wá, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń le jù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sóògùn rẹ̀. Kápúsù aláwọ̀ méjì tẹ́ ẹ̀ ń tú sínú omi adìyẹ, kò wo lúkúlúkú. Owó lẹ sọ nù, oògùn náà á tún wọ inú ẹyin tí ọmọ yín máa jẹ.

Àjẹsára ló ń dáàbò bò wọ́n. Ní Vom, nítòsí Jos, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ṣe fún adìyẹ ìbílẹ̀, ẹ̀kán kan péré lójú adìyẹ kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ tún un ṣe lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìgò kan máa ń tó ọ̀pọ̀ adìyẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé tọ́jú dọ̀la bẹ́ ẹ bá ti pò ó. Kí ló wá dé tí ẹni kan á fi dá a rà? Ẹ pe ara yín jọ ládùúgbò. Ilé márùn-ún, ilé mẹ́fà, ẹ dáwó jọ, ẹ pe dókítà ẹran wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ ṣe é kí ọyẹ́ tó dé. Mo bẹ̀ yín. Bí adìyẹ tèmi bá gbà á, tí tìrẹ tó wà lódìkejì ọgbà ò gbà á, a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Adìyẹ tẹ́ ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí adìyẹ bá ń kú lọ́tùn-ún lósì lójijì, ẹ má pa èyí tó ń ṣàìsàn jẹ, ẹ má jù ú sódò. Ẹ gbẹ́lẹ̀ jinlẹ̀, ẹ sin ín, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà ẹran. Àrùn lẹ́lẹ́, ìyẹn bird flu, tí wọ́n rí ní ìhà àríwá lọ́dún 2006 ti kọ́ wa pé èyí tó ń pa adìyẹ lè ran ènìyàn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹ́ dé, ọ̀rọ̀ adìyẹ la sọ. Ilé, omi, oúnjẹ, àmì èédú, àgò, àjẹsára. Ká sin ín, ká má kàn ní in.

Àkókò mi ti tán. Lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn ilé, ẹ ka àwọn adìyẹ yín. Ẹ wo ibi tí wọ́n sùn. Èmi náà ń lọ wo àgbébọ̀ dúdú mi. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò pa. Ẹyin mọ́kànlá ni, gbogbo rẹ̀ ló ní àmì èédú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sọ iye tó jáde fún yín. Ó dàárọ̀ o.